Bàbá Àgbà Tí Kò Gba "Àìsàn Ránpẹ́"

Bàbá àgbà mi kì í kọjá lára pósítà òkú láìkà á. Ìrìn láti Bajulaiye, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn wà, dé ilé wa ní Bàrígà kò jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá Bàbá Àgbà rìn ín, ó lè gba odidi ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n á dúró níwájú ògiri, wọ́n á ti awò ojú wọn sókè, wọ́n á yọ báírò pupa kan tó máa ń wà lápò àyà wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún pósítà olóòkú ṣe. Bí déètì kò bá bá ọjọ́ mu, wọ́n á tún un kọ. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fa igi sí ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ọmọ olóòkú jáde sí wa tìbínú-tìbínú, ó ní kí ni bàbá yìí ń fi báírò ṣe sí bàbá òun lójú. Bàbá Àgbà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Mi ò bá bàbá yín jà," ni wọ́n wí. "Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni mo ń bá wí."

Lẹ́yìn tí ìyàwó wọn kú, báírò náà tún rí iṣẹ́ mìíràn. Ibikíbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ẹnì kan kú "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́," wọ́n á fi òbírí pupa yí i ká, wọ́n á sì fi àmì ìbéèrè tó tóbi tẹ̀ lé e. Mo ti di ìyá ọmọ nígbà yẹn, síbẹ̀ ojú máa ń tì mí. Màá lọ dúró lókèèrè bí ẹni tó ń wá kẹ̀kẹ́, tí kò mọ bàbá yìí rí. Wọ́n á wá fi ohùn tí gbogbo òpópónà lè gbọ́ pe oríkì mi. "Àjọkẹ́, wá ka èyí fún mi. Ó ránpẹ́ tó báwo?"

Mi ò ní í ka ìtàn ìgbésí ayé wọn fún yín. Àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìn ìdágbére ti ṣe ìyẹn: Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti wá, ọdún tí wọ́n dé Èkó, ipò díákónì tí wọ́n dì mú nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa báírò pupa. Ó dùn mí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ṣọ́ọ̀bù. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ láìkọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo jáde. Ẹyọ yẹn là ń pè ní púrúùfù. Oníṣẹ́ á jókòó, á kà á láti òkè délẹ̀, á fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ á tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Èmi ni mo ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún wọn, ọwọ́ mi sì yá ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà kan tí iṣẹ́ pọ̀, mo fo púrúùfù ètò ìgbéyàwó kan. Ìgbà tí a tẹ gbogbo rẹ̀ tán la rí i pé orúkọ bàbá ìyàwó ni mo fi sí ipò ọkọ ìyàwó. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọn kò gbá mi. Wọ́n ní kí n gé gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí n máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀wé, mo sì fi kọ̀wé fún ọdún mélòó kan, tí bàbá ìyàwó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ lójú mi lójoojúmọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ lórí ọ̀rọ̀ náà: "Bí yíǹkì bá ti gbẹ, ẹ̀bẹ̀ ló kù."

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́kún bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn ni pé Bàbá Àgbà kò wo púrúùfù nínú ilé ara wọn.

Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Wọ́n sọ fún ọkọ wọn, ọkọ wọn sì sọ ohun tí gbogbo àdúgbò ì bá sọ, pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ta ni kì í ní jẹ̀díjẹ̀dí ní Bàrígà? Ẹni tó bá jẹ ṣúgà jù, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tí ìbàdí ń ro, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò gbé kánkán lọ́dọ̀ ìyàwó, òun náà á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Orúkọ kan ṣoṣo la fún gbogbo ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn, oògùn rẹ̀ sì wà nínú ìgò lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Bàbá Àgbà ló ń ra àgbo jẹ̀dí bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á dúró ti ìyàwó wọn títí ìgò á fi ṣófo. Ìfẹ́ ni, mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn. Ọdún méjì ni ìfẹ́ yẹn fi ń bá a lọ, tí Màmá Àgbà ń rù, tí a sì ń sọ pé àgbo ló ń fọ ìdọ̀tí inú wọn jáde.

Nígbà tí ikùn wọn wú tí wọn kò lè yàgbẹ́ mọ́, a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá. Dókítà ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Bàbá Àgbà béèrè bí à bá ṣe mọ̀. Ọkùnrin náà ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ díẹ̀ ṣe, ó lè rí ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí, ẹni tó bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún ló yẹ kó máa ṣe é bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le, nítorí bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gé e kúrò. Bàbá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Bí a ṣe kọjá Igbóbì, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú mi. "Ọwọ́ yìí ni mo fi ń gbé àgbo yẹn wálé, Àjọkẹ́."

Kò pẹ́ sígbà náà tí Màmá Àgbà fi kú. Bàbá Àgbà ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ pósítà náà, mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo ti tẹ "lẹ́yìn àìsàn" kí wọ́n tó gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Ohun tí a tẹ̀ sábẹ́ àwòrán Màmá Àgbà, tí wọ́n wé gèlè tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nìyí: "Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló pa á. Ọdún méjì ni ẹ̀jẹ̀ fi wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Àwa ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ lọ yẹ tiyín wò." Wọ́n wo púrúùfù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ilé gbóná. Àwọn àbúrò Màmá Àgbà ní wọ́n ti fi ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọ rán àgbà méjì wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni bàbá mi, Gbóyèga, oníṣẹ́ iná mànàmáná, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màmá Àgbà bí. Àárọ̀ kùtù ni bàbá mi jáde, tí wọ́n ya gbogbo pósítà ìyá wọn kúrò lára ògiri òpópónà wa. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe kó àjákù rẹ̀ wọlé, tí wọ́n dà á sílẹ̀ níwájú Bàbá Àgbà.

"Bàbá, ìgbẹ́ ìyá mi lẹ kó síta."

"Inú ilé ló wà tẹ́lẹ̀, Gbóyèga. Ibẹ̀ ló sì ti pa á."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn?"

"Ohun tí mo kọ síbẹ̀." Bàbá Àgbà dìde, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. "Bí o bá ya ọ̀kan, màá tẹ méjì."

Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín bàbá àti ọmọ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, Bàbá Àgbà á dáhùn, oúnjẹ á sì máa tutù níwájú àwọn méjèèjì.

Pósítà yẹn ló mú Nọ́ọ̀sì Sìdíkátù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìlera alábọ́dé ti àdúgbò wa ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní wọ́n kó ìgò àyẹ̀wò ìgbẹ́ náà wá fún àwọn, ìgò kékeré tí igi tín-ínrín kan so mọ́ ìdérí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àwọn sì ń fún gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà tó, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e wá.

"Bàbá, wọ́n ń gbà á o, wọ́n tún ń ṣàdúrà fún mi. Wọn kì í dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi print ìwé kan tó máa dẹ́rù bà wọ́n díẹ̀."

"Ẹ̀rù ti bà wọ́n tẹ́lẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wo bí ẹ ṣe ń pín in."

Àárọ̀ mẹ́ta ni Bàbá Àgbà fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìlera, bí ẹni tó ń wo púrúùfù. Wọ́n rí i pé inú nylon funfun tí ojú ń là kọjá ni wọ́n ń fi ìgò sí. Wọ́n rí i pé ìlànà rẹ̀ wà ní èdè òyìnbó wínníwínní. Ẹ sì mọ Bàrígà. Ẹ ò lè rìn dé ìkángun òpópónà kí ẹni márùn-ún má kí yín, ẹni kẹfà á sì béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ta ló fẹ́ pàdé díákónì tàbí ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìgbẹ́ nínú nylon? "Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́," ni Bàbá Àgbà sọ fún Nọ́ọ̀sì. "Ọ̀nà ni wọn kò lè gbà."

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó àpòòwé tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ káàdì ìgbéyàwó, èyí tó ní etí wúrà. Ìgò náà wọ inú rẹ̀ rẹ́gí. A tẹ ìlànà ní Yorùbá, lẹ́tà gàdàgbà: "Yàgbẹ́ sórí ìwé. Fi igi yìí gún un níbi mẹ́rin. Dá igi padà sínú ìgò. Ó tán." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a ní láti fi "Má ṣe kún un" sí i, nítorí bàbá kan gbé rọ́bà kọ́sítáàdì kan wá, ó kún dẹ́nu, ó ní òun kò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì rò pé òun ń ṣahun. Bàbá Àgbà fi báírò pupa kọ orúkọ oníkálukú sára àpòòwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ kò wá, wọ́n á kan ilẹ̀kùn yín, wọ́n á sì jókòó. Ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àwọn aládùúgbò á rí àpòòwé wúrà lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìnáwó o," ẹni náà á sì dáhùn pé a dúpẹ́. Bàbá Àgbà nìkan ló ń gbé ìgò tiwọn lọ lọ́dọọdún láìfi àpòòwé bò ó.

Ẹnìkan tí mi ò lè gbàgbé ni Ìyá Wàsíù, tó ń yan ẹja létí omi. Àwọn náà ti ń rí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò tí wọ́n dá padà kò fi nǹkan kan hàn. Bàbá Àgbà kò gbà. Wọ́n lọ bá wọn nídìí èéfín ẹja, wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é.

"Mo kọ́kọ́ mu àgbo jẹ̀dí fún ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá, kí inú mi mọ́. Mi ò lè gbé ìdọ̀tí fún nọ́ọ̀sì."

"Ìyá Wàsíù, ta ló ń fọ aṣọ kó tó gbé e fún alágbàfọ̀?"

Wọ́n fún Ìyá Wàsíù ní ìgò mìíràn. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àgbo jù sílẹ̀, kí wọ́n ṣe é bí Ọlọ́run ṣe fún wọn. Ìyẹn fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Ilé ìwòsàn ńlá wò ó, wọ́n rí kókó tó ti ń di jẹjẹrẹ, wọ́n gé e. Ìyá Wàsíù wà níbi ìsìnkú Bàbá Àgbà, wọ́n sì jẹun ju gbogbo wa lọ.

Orúkọ àwọn tí wọ́n ń pè fún àyẹ̀wò wà nínú rẹ́gísítà ńlá kan lórí tábìlì Nọ́ọ̀sì. Orúkọ tí Bàbá Àgbà kọ́kọ́ ní kó kọ ni Gbóyèga. Ìyá rẹ̀ ni jẹjẹrẹ pa, ó sì ti ju àádọ́ta ọdún lọ. Kò sẹ́ni tó tún yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Bàbá Àgbà fúnra wọn gbé àpòòwé rẹ̀ wálé, bàbá mi sì fi kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ní pálọ̀. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún mẹ́ta. Mo bẹ bàbá mi títí. Mo bínú títí. Mo kórìíra àpòòwé yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí bí mo bá ti gbójú sókè wo aago, ikú Màmá Àgbà ni mò ń wò, tó ń dúró de ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ̀rọ̀ náà síta lójú mi. Bàbá mi ní, "Bàbá, mo rí bí ìyá mi ṣe kú. Mi ò fẹ́ mọ̀." Bàbá Àgbà kò jágbe. "Ara rẹ mọ̀ ní tirẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìwọ nìkan ni kò tíì gbọ́."

Nígbà òjò tó kọjá, Bàbá Àgbà ṣubú lẹ́yìn àdúrà àárọ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú. Nígbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù láti ṣe pósítà wọn, mo bá a níbẹ̀, wọ́n ti ṣe é sílẹ̀. Àwòrán wà, orúkọ wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ "Ohun tó pa bàbá yìí ni," wọ́n sì fi àyè sílẹ̀. Wọ́n wá kọ ìlànà sísàlẹ̀ fún wa: "Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà, ẹ má dá a sọ. Gbóyèga ni kó wo púrúùfù."

Mo sunkún sórí kíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà mo tẹ ohun tí dókítà sọ, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀ tó pa wọ́n. Mo tẹ ẹyọ kan jáde, mo pe bàbá mi wá. Wọ́n jókòó sórí àga oníṣẹ́, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀. Wọ́n mú báírò pupa lórí tábìlì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fa igi sí i. Ńṣe ni wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: "Wọ́n ní kó máa lo oògùn rẹ̀, ó ń gbàgbé." Wọ́n fọwọ́ sí i. Bàbá mi fúnra wọn ló lẹ̀ ẹ́, orí ògiri tí wọ́n ti ya ti ìyá wọn ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, mo rí i pé kò sí nǹkan kan mọ́ lára ìṣó. Ìgò inú àpòòwé náà ti kọjá àkókò tí wọ́n lè fi lò ó, nítorí náà bàbá mi lọ gba tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò gba àpòòwé mìíràn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní ká jọ lọ. A kò rìn jìnnà tí obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ fi rí etí wúrà yẹn.

"Ẹ kú ìnáwó o, Bàbá Àjọkẹ́."

"Kì í ṣe ìnáwó," ni bàbá mi wí. "Ìgbẹ́ mi ni. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti gbé tiyín lọ?"

Nọ́ọ̀sì Sìdíkátù gba ìgò náà. Ó ní èsì yóò jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ṣí rẹ́gísítà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó yí i sí wa. Iwájú orúkọ Gbóyèga kún fún yíǹkì pupa, ìlà lórí ìlà, déètì oṣù kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta, gbólóhùn kan náà ni Bàbá Àgbà kọ sí gbogbo wọn: "Ó ń bọ̀."

Bàbá mi ka gbogbo rẹ̀, wọn kò fo ìkankan. Wọ́n yọ báírò pupa láti àpò àyà wọn, wọ́n wá àyè tó kù nísàlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó dé."